Òfin Gbogbo Ọwọ́

Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ Ajé, kí ilé tó jí.

Àkànní ọmọ mi,

Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le. Mo tètè sọ èyí kí o má baà rò pé àìsàn tàbí òkú ló dé tí o fi rí lẹ́tà gígùn gbà lọ́wọ́ mi. Inú ló ń bí mi. Láti àná tí o ti kúrò nílé yìí ni inú ti ń bí mi. Mo gbé e sùn, mo sì gbé e jí.

O lè máa bi ara rẹ pé láti Èbúté Mẹ́ta sí Muṣin, ṣé ó jìn tó ohun tí à ń kọ lẹ́tà sí ni? Kò jìn. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ọyìngbò nísinsìnyí, n ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ kí o tó jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá dé ibẹ̀ lónìí, n ó fọ́ ọ létí lójú Fọlákẹ́, ìyàwó tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, ojú yóò sì ti gbogbo wa. Mo ti dé fìlà tán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, kí ìyá rẹ tó já fìlà gbà lórí mi tó ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Òun ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ rẹ padà fún ọ bí o ṣe sọ ọ́ nídìí tábìlì mi, kí o má baà ní mo purọ́ mọ́ ọ. O ní láti ìgbà tí o ti kó lọ sí àdúgbò yẹn, olè ti já ilé mẹ́ta, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀kan. Mo gbọ́. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí, ìbọn ti pọ̀ nígboro, ta ni kò mọ̀? O ní àwọn onílé pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ àdúgbò, wọ́n sì fi ìwọ ṣe olórí nítorí pé o kàwé, o ń ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ kan ní Ìgànmú, ohùn rẹ sì ròkè. Mo gbọ́ ìyẹn náà, inú mi sì dùn. Ìyá rẹ tilẹ̀ fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ. O ní ní ọjọ́ Sátidé gbogbo, bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjìlélógún máa ń pé sí pápá ilé ìwé, ẹ ó sáré, ẹ ó tò, ẹ ó máa fi kùmọ̀ kọ́ ìjà. Títí dé ibẹ̀, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni o wá fa àga rẹ súnmọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ fún mi lẹ́bùn. O ní:

"Bàbá, ẹ wá gbọ́ ohun tó so wá pọ̀ gan-an. Òfin kan wà tí mo gbé kalẹ̀, Gbogbo Ọwọ́ là ń pè é. Ẹnikẹ́ni tí a bá mú, gbogbo wa pátá la máa lù ú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí pé èmi ò bá wọn dé ibẹ̀. Bí gbogbo wa bá ti fọwọ́ kàn án, ta ló máa lọ fẹjọ́ wa sùn ní tẹ́ṣàn? Nóbọ́dì! Ìṣọ̀kan nìyẹn, Bàbá. Ó ti sẹ́ẹ̀tì."

Mo bi ọ́ pé bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò lù ńkọ́? O bú sẹ́rìn-ín. O ní ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràṣákì tó ń tún rédíò ṣe, nígbà tí ẹ mú ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé. Ràṣákì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó ń wá. Ẹ lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin tí ẹ mú yẹn wá ńkọ́?

"Háà, tẹ́náǹtì tuntun ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìgbájú díẹ̀ náà ni, Bàbá, kò sí wàhálà."

Ìgbájú díẹ̀ náà ni. Kò sí wàhálà. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ṣíbí mi kalẹ̀. O bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí. Àlejò wà nílé ni n kò fi dá ọ lóhùn.

Àkànní, ṣé ìwọ rò pé o dá òfin yẹn ṣe ni? Òfin yẹn dàgbà jù ọ́ lọ. Mo ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí n tó mọ ìyá rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí, àfi ìyá rẹ, òun náà, àná lẹ́yìn tí o lọ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wọ́n gbà mí síṣẹ́ káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, mo sì háyà yàrá kan tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí kọ̀wé yìí. Ní àsìkò yẹn, aṣọ ni àwọn olè àdúgbò wa ń jí. O fọ aṣọ, o sá a, kí o tó yíjú padà, okùn nìkan lo máa bá. Má fi ojú aṣọ tó kún inú àpótí rẹ wò ó o. Ẹni tó ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì láàárín wa, gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ọkùnrin kan wà lójú pópó wa, Sájẹ́ǹtì là ń pè é. Ó ti jagun dé Bọ́má kó tó padà wá sílé. Òun ló kó àwa méjìdínlógún jọ. Ó fún wa ní kóńdó tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ láti ara ègé pákó. Ó kọ́ wa bí à ń tò, bí à ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí à ń ká ènìyàn mọ́ láìpariwo. Ó gba orúkọ lọ́wọ́ wa, ó fún kálukú ní nọ́ńbà. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá. Èmi ni nọ́ńbà méje. Bó bá ti ní "Méje!", n ó ti fò síwájú kí n tó mọ̀ pé èmi ló pè.

N kò ní í purọ́ fún ọ, ó dùn. Mo jẹ́ àjèjì ní Èkó, n kò ní ìbátan kankan, lójijì ni mo wá ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́tàdínlógún. Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, a ó jọ sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, a ó jọ jẹ gàrí nínú báàfù kan ṣoṣo, àwọn obìnrin á jáde wá wò wá bí a ṣe ń yan bọ̀. Mo rántí pé mo máa ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí àkùkọ. Nítorí náà, mo mọ ohun tó wà nínú ojú rẹ lánàá, mo ti gbé ojú yẹn rí.

Sájẹ́ǹtì ló gbé òfin náà wá. Bí a bá mú olè, a ó tò, yóò máa pe nọ́ńbà, kálukú yóò sì lù ú tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lù, olè ni. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún olè, olè ni. Ó ní òun fẹ́ kí a jẹ́ ara kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan. A pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ẹni tó ń ṣọ́ orígun fọn fèrè. A sáré jáde. Wọ́n ti ká ọkùnrin kan mọ́ ara ògiri, ẹrù aṣọ gàǹgà wà lórí rẹ̀. Wọ́n tú u. Ṣòkòtò àwọn bàbá, ṣẹ́ẹ̀tì lóríṣiríṣi, ìró obìnrin, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ọmọdé. Sájẹ́ǹtì ní kí a wò ó, ṣé ènìyàn kan ṣoṣo ló ni gbogbo èyí? Kálukú ń kígbe "Rárá!"

Àkànní, alágbàfọ̀ ni. Lámídì alágbàfọ̀ ni, tó ń gbé ní ojúlé kẹrin sí ẹ̀yìn wa. Ó ti lọ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ tán ní Sọ́ńdè, ó ń pín in kiri kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Ta ni yóò ru aṣọ ènìyàn mẹ́wàá kiri ní ìdájí bí kò bá ṣe alágbàfọ̀? Ó ń pariwo, ó ń fi ọrùn ẹ̀wù hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ wò ó, àmì wà lára gbogbo wọn! Alágbàfọ̀ ni mí!" Òótọ́ ni. Ó máa ń fi òwú dúdú rán àmì sí ọrùn aṣọ kálukú kí wọ́n má baà pàrọ̀. Sájẹ́ǹtì ní àmì olè ni.

Ṣẹ́ẹ̀tì mi wà níbẹ̀. Mo rí i. Òwú dúdú méjì, bí ìka méjì tó dúró, àmì tèmi nìyẹn. Lámídì náà rí mi láàárín èrò. Ó pè mí. Ó ní, "Káfíńtà! Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní. Èmi ni méje, mo sì fi gbogbo àkókò tí àwọn mẹ́fà fi ń lù ú sọ fún ara mi pé n ó sọ̀rọ̀ bó bá kan ẹni tó tẹ̀lé e. Ó kan ìkejì, n kò sọ̀rọ̀. Ó kan ìkẹta. Mo ń ronú nípa gàrí tí a jọ ń jẹ. Mo ń ronú pé bí wọ́n bá lé mi, ta ni mo ní ní Èkó yìí? Nígbà tí Sájẹ́ǹtì ní "Méje!", ẹsẹ̀ mi ti jáde. Ohun tí ó kọ́ wa nìyẹn, kí ara ó jẹ́ ìpè kí ọkàn tó gbọ́. Lámídì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi bojú, orí ọwọ́ yẹn ni kóńdó mi bà. Mo gbọ́ bó ṣe kán. Igi ni mo fi ń jẹun, mo mọ ìró ohun tó kán.

Kò kú. Má jẹ́ kí ìyẹn tù ọ́ nínú. Ọwọ́ náà kò tọ́ mọ́ láéláé, kò sì lè gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìṣẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyàwó rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi lé ọwọ́. Ó ti tún un fọ̀, ó ti lọ̀ ọ́, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ọkọ mi ní kí n gbé e wá fún yín. Ó ní ẹ máa nílò rẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi." Kò bú mi, kò ṣépè. Ó yí padà, ó sì lọ fún ẹni tó kàn ní tirẹ̀, nítorí pé ilé mẹ́rin nínú ilé àwa tó lu ọkọ rẹ̀ ló ní aṣọ nínú ẹrù yẹn.

Ilé mẹ́rin, Àkànní. Èyí ni pé àwa mẹ́rin la mọ ọkùnrin náà lórí ìlà yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń dúró de ẹnì kejì kó sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìwọ yóò bi mí bóyá ẹnikẹ́ni lọ fẹjọ́ wa sùn. Kò sí. Òfin yẹn ṣiṣẹ́! Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́ nídìí tábìlì mi, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Kò sí ọlọ́pàá tó kan ilẹ̀kùn wa, kò sí ẹni tó jẹ́jọ́. Nítorí pé gbogbo wa la ṣe é, kò sí ẹni tó ṣe é.

Ìṣọ̀kan tí ò ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Kò pé oṣù mẹ́ta. Báàfù gàrí wà ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ mọ́. Bí mo bá rí nọ́ńbà mẹ́fà lókèèrè, n ó gba òdìkejì títì. Òun náà á gba ẹ̀yìn ilé. Bí a bá wo ara wa lójú, Lámídì là ń rí. Bí a bá kan ìṣó mọ́ pákó tútù, yóò dì mú ṣinṣin lónìí, bí pákó bá gbẹ tán, ìṣó á tú. Ẹ̀bi ni pákó tútù tí ìwọ fi ń kan àwọn ọmọ ọlọ́mọ pọ̀.

Inú ń bí mi sí ọ, ó sì ń bí mi sí ara mi pẹ̀lú. Bí mo bá ti sọ èyí fún ọ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bóyá ìwọ kì bá tí jókòó síwájú mi lánàá máa yangàn. Mo fi í pamọ́ kí ojú má baà tì mí, ó wá di iṣu tó ta lábẹ́ ilé mi. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Tìrẹ ni kí o gbà báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìwọ̀nyí. Mo mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà. Mò ń jà ni.

Èkíní. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, má tíì jẹun. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ràṣákì, kí o bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé o dàgbà jù ú lọ. Bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ẹ̀yin méjìlélógún, òun nìkan ló ní ọkàn akọni, òun náà sì ni ẹ lé. Ó ṣe ohun tí bàbá rẹ kò lè ṣe. Mú un padà wá, kí o sì fún un níṣẹ́ nínú ẹgbẹ́: ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú, kò sí ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ kàn án títí Ràṣákì yóò fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ tán.

Èkejì ni tẹ́náǹtì yẹn. Ìgbájú díẹ̀ náà ni, àbí? Ta ló gbá ti ìkẹyìn? Ìwọ ha ni bí? Mú àgbà onílé kan dání, kí ẹ lọ bá a nínú yàrá rẹ̀, lójú ọ̀sán, kí gbogbo ilé rí yín. Ẹni tí a bú ní gbangba, a kì í bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ padà lọ.

Ẹ yí ẹ̀kọ́ pápá yín padà. N kò sọ pé kí ẹ jókòó sílé kí olè máa kó yín lẹ́rù. Mo mọ̀ pé ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, mo mọ̀ pé Fọlákẹ́ máa ń dá wà nílé nígbà mìíràn, àyà mi sì ń já. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ìlù rọrùn, ẹranko mọ̀ ọ́n. Ìdúró ni kí o kọ́ wọn. Jẹ́ kí wọ́n fi gbogbo agbára sáré pẹ̀lú kùmọ̀ lókè, kí o fọn fèrè láàárín eré, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró kó máa lọ sílé, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kọ́ wọn bí ènìyàn méjì ṣe ń di ènìyàn kan mú láìṣe é léṣe, bí a ṣe ń fi ọ̀já dì í, tí kì í ṣe wáyà. Bí ẹ bá mú ẹnì kan, kí onílé kan àti ẹ̀yin mẹ́ta mú un lọ sí tẹ́ṣàn ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ lọ kọ orúkọ yín sílẹ̀ bí ọkùnrin.

Orúkọ tí mo dá yìí, ó tún rán mi létí. Mo gbọ́ tí o ní ẹ̀yin náà ń pe ara yín ní nọ́ńbà. Fi òpin sí i. Àkànní ni mo sọ ọ́, kì í ṣe Ọ̀kan. Ẹni tí a bá pè lórúkọ yóò rántí ẹni tó bí i kó tó gbé ọwọ́ sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ àdúgbò yín. Báwo ni ẹ ó ṣe máa ṣọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀? Ẹ pín ara yín ní méjì-méjì, kí ẹ wọ ojúlé sí ojúlé, kí ẹ kí àwọn ènìyàn, kí ẹ béèrè ẹni tó ń tètè jáde. Nọ́ọ̀sì wà tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì wà. Àwọn bàbá wà tó ń lọ kírun àárọ̀. Ìyá elékọ wà. Alágbàfọ̀ wà. Bí tẹ́náǹtì tuntun bá dé, ẹ̀yin ni kí ẹ bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, òun ni ì bá máa bá yín ṣọ́ ẹ̀yìn ilé báyìí. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Kí gbogbo wọn mọ òfin tuntun kan, kí o sì fi èyí rọ́pò tìrẹ: ẹnikẹ́ni tó bá ní "Mo mọ̀ ọ́n," kí gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. Ìbáà ṣe ẹni tó kéré jù nínú yín ló sọ ọ́. Ìbáà tilẹ̀ jẹ́ irọ́ ló ń pa, ẹ ó rí àyè wádìí irọ́ náà. Egungun tó kán kò ní àyè kankan. Bí òfin yẹn bá wà nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ì bá ti ẹnu mi jáde.

Ní ti ohun tí yóò so yín pọ̀, gọ́tà iwájú ilé yín wà níbẹ̀, tó ń rùn débi tí ìyá rẹ fi gèlè bo imú lọ́jọ́ tó wá kí yín. Ẹ̀yin géńdé méjìlélógún ń fo gọ́tà lójoojúmọ́ lọ kọ́ ìjà! Ẹ kó o. Bí ìyàwó ọ̀kan nínú yín bá bímọ, kí gbogbo yín wà níbẹ̀ láti gbé àga. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, kí ó rí ojú yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ kó jànmọ́ọ̀n jọ. Ẹ má sì mu ọtí kí ẹ tó jáde. Èyí kò gba àlàyé.

Ó ku ìwọ fúnra rẹ. N ó sọ òótọ́ fún ọ, kó dùn ọ́ tàbí kó má dùn ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Wọ́n fi ọ́ jẹ olórí ní àdúgbò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ìwọ ni wọn yóò mú. Ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ kí gbogbo ọwọ́ dọ̀tí, kí tìrẹ má baà hàn láàárín wọn. Ìyẹn kì í ṣe olórí, Àkànní. Olórí ni ẹni tí a lè nàka sí. Bí o kò bá lè dúró níwájú adájọ́ kí o ní "Èmi ni mo pàṣẹ rẹ̀," má pàṣẹ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ gbogbo ìtàn yìí tán fún ìyá rẹ lánàá, mo rò pé yóò sunkún. Mo tilẹ̀ rò pé yóò bú mi. Ó kàn wá wò mí, ó ní, "Kí lorúkọ obìnrin náà? Ìyàwó Lámídì." N kò mọ̀ ọ́n. N kò bi í rí. Ìyá rẹ dìde, ó wọ inú yàrá lọ, láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí nìkan ló bá mi sọ.

O ní Sátidé ni ẹ máa ń pé. Ó dára. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Kó tó di aago mẹ́rin, n ó ti dúró ní pápá yẹn. Bí ojú kò bá ní í tì ọ́, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí kí n tó dé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, má fo orúkọ mi. Bí ojú bá tì ọ́, èmi yóò sọ ọ́ fún wọn fúnra mi, lójú ìwọ, lójú Ràṣákì, lójú gbogbo àwọn onílé tó fi ọ́ jẹ olórí.

Bí mo bá sọ ọ́ tán, tí o ṣì ní Gbogbo Ọwọ́ ni òfin yín, ẹ má wá olè kiri mọ́. Ọ̀daràn ti dé bá yín ní pápá, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kí ẹ tò. Kí o fún kálukú ní kùmọ̀. N kò ní í gbé ọwọ́ sókè bojú.

Ṣùgbọ́n ìwọ ni olórí. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lù mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.